Ẹfọ̀n Tó Wọ Odò

Ẹni tó bá dúró sórí afárá Onitsha kò lè rí àbùùbùtán, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Odò Ọya tó ń ṣàn kọjá lábẹ́ afárá náà kò níyọ̀, òkun sì wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ojú máa tó ni ọkọ̀ àwọn tó ń wa iyanrìn, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sí ọjà Ose Okwodu, àti ìlú Asaba ní òdìkejì. Dọ́lífìn pàápàá kì í dé ibẹ̀. Nínú gbogbo odò ńlá Áfíríkà, kò sí èyí tó ní dọ́lífìn tirẹ̀ tí kì í kúrò nínú omi tí kò níyọ̀, bí odò Amazon ṣe ní in. Síbẹ̀, àwọn ará Onitsha tó ń sọ pé àwọn ní ìbátan nínú omi kò parọ́. Wọn ò kàn mọ bí ìbátan ọ̀hún ti pẹ́ tó ni.

Ní 1920, Charles William Andrews, onímọ̀ nípa egungun àtayébáyé ní London, kọ̀wé nípa egungun àgbọ̀n kan tó ti di òkúta. Agbègbè Ameki, ní ibi tó ti di ìpínlẹ̀ Abia lónìí, ni wọ́n ti kó o wá. Àgbọ̀n àbùùbùtán ni. Andrews sọ ẹranko náà ní Pappocetus lugardi, láti fi yẹ́ Lugard sí. Báyìí ni gómìnà tó so Àríwá mọ́ Gúúsù ní 1914 ṣe di ajórúkọ ẹranko tó ti kú ní ohun tó lé ní 40 mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Nàìjíríà. Wọn ò bi ẹranko náà léèrè, bí wọn ò ṣe bi àwa náà.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, Andrews yìí kan náà ti fún ẹyẹ òkun kan láti Ameki lórúkọ, Gigantornis eaglesomei. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé bí ẹyẹ náà bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì á tó mítà 5 tàbí 6. Egungun ìjàpá òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, eyín ẹja ekurá sì wà. Kò sí ohun tí èyí lè túmọ̀ sí ju pé òkun ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ti Ameki sì tẹ́ dé Anambra: òun ni òkúta Nsugbe tó wà nítòsí Onitsha, òun náà ni iyanrìn Nanka tí ọ̀gbàrá ń gbẹ́, tó ń gbé ilé àti oko lọ lọ́dọọdún. Iyanrìn etí omi àtijọ́ ni, kò lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún òjò láti wó o. Àwọn tó ń sunkún ilé wọn ní Nanka ń sunkún lórí etíkun tí àbùùbùtán ti sún mọ́ rí.

Kì í ṣe apá ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Kpogamé ní Togo, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì, wọ́n rí ìbátan Pappocetus kan tí Philip Gingerich àti Henri Cappetta sọ ní Togocetus ní 2014. Gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jẹ́ ojúde àwọn ẹranko wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa gbé inú òkun.

Mo ní wọ́n ń kọ́ ọ, torí pé àbùùbùtán ìgbà yẹn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Inú òkun ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò tíì dágbére fún ilẹ̀. Ní Pakistan, wọ́n rí egungun ọ̀kan nínú ìdílé wọn, Maiacetus, pẹ̀lú ọmọ nínú oyún. Orí ọmọ náà ló kọjú sí ọ̀nà ìta, bíi ti ẹran orí ilẹ̀. Ti dọ́lífìn òde òní, ìrù ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, kí ọmọ má bàa mu omi kó tó bọ́ tán. Gingerich àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2009 sọ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹranko yìí ti ń bímọ. Bó bá dọjọ́ ìkúnlẹ̀, ó ń gòkè wá.

Ta wá ni baba ńlá wọn? Àwọn ẹran ẹlẹ́sẹ̀ pátákò tí pátákò wọn là sí méjì. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé nínú gbogbo ẹranko tó ṣẹ́ kù láyé, erinmi ló sún mọ́ àbùùbùtán àti dọ́lífìn jù lọ. Màlúù, àgbọ̀nrín, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹfọ̀n wà nínú agboolé kan náà. Ohun tó ju 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ìdílé kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ omi, díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ Yorùbá lára nìyí. Ọya tó ni odò Onitsha, ẹfọ̀n ni. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ọdẹ kan lúgọ, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì di arẹwà obìnrin. Wọ́n tún sọ pé obìnrin kan náà ló di odò ní Ìrá. Ẹran ẹlẹ́pátákò tó di ti omi. Mi ò ní sọ pé àwọn baba wa mọ̀ nípa Pappocetus. Irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fetí sílẹ̀ nígbà tí àṣà bá ní ohun gidi láti sọ. Ohun tó wà nínú ìtàn náà kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò kéré: àwọn tó pa á gbà pé ẹ̀dá lè ti inú igbó bọ́ sínú omi kó má sì di ẹja.

Àbùùbùtán kò di ẹja lóòótọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ó sì gbọ́dọ̀ gbé imú sókè, imú tó ti ṣí lọ sí àtàrí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ọmọ kan ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fún un lọ́mú. Bí wọ́n bá la apá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, egungun apá òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ọrùn ọwọ́ àti ti ìka ló wà níbẹ̀ létòlétò, bíi ti ọwọ́ tí ẹ fi di ìwé yìí mú. Egungun ìbàdí kékeré kan ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀, láìsí ẹsẹ̀ tó so mọ́ ọn. Kódà bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ń tú àṣírí: ẹja ń fi ìrù sọ́tùn-ún sósì, àbùùbùtán àti dọ́lífìn ń fi í sókè sódò, bí ẹ̀yìn ẹranko tó ń sáré ṣe máa ń tẹ̀ tó sì máa ń nà. Wọn ò lè sùn fọnfọn, torí pé mímí wọn kì í ṣe ohun tó ń ṣe ara rẹ̀ bíi tiwa. Lára dọ́lífìn, ìlàjì ọpọlọ ló ń sùn nígbà tí ìlàjì kejì ń ṣọ́nà.

Bóyá jíjọ tí wọ́n jọ wá yìí ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé láti kékeré ni ọkàn àwọn ti so mọ́ àbùùbùtán àti dọ́lífìn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sì ní kí a fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ní 1970, Roger Payne, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, gbé àwo orin kan jáde tó jẹ́ kìkì ohùn àbùùbùtán abuké. Ẹ̀rọ tí Frank Watlington, òṣìṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, rì sínú òkun Bermuda ló gba apá kan nínú ohùn náà. Payne àti Scott McVay fi hàn nínú ìwé ìmọ̀ ní 1971 pé orin ni lóòótọ́: ó ní ẹsẹ, ó ní ègbè, wọ́n sì ń tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1977, wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo tí ọkọ̀ òfuurufú Voyager gbé lọ sí ojú ọ̀run, pa pọ̀ mọ́ ìkíni ní oríṣiríṣi èdè ayé. Ní 1982, àjọ tó ń rí sí pípa àbùùbùtán lágbàáyé dìbò pé kí wọ́n dá pípa wọn fún òwò dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Mo gbà gbọ́ pé orin yẹn ṣe ju ìṣirò iye tó kú lọ láti mú ìbò náà wá. Ohùn ló kọ́kọ́ wọ àwọn èèyàn lọ́kàn.

Ìwádìí míì wá lé e. Dọ́lífìn kọ̀ọ̀kan ní súfèé tirẹ̀, àwọn onímọ̀ Stephanie King àti Vincent Janik sì fi hàn ní 2013 pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kọ ọ́ sí i, ó ń dáhùn. Ní 2018, abo orca kan tí wọ́n ń pè ní Tahlequah, ní etíkun láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, gbé òkú ọmọ rẹ̀ kiri fún ọjọ́ 17. Orca wà lára ìdílé dọ́lífìn. Ẹni tó ti rí ìyá ọlọ́mọ kú ṣe ń ṣe kò nílò atúmọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra ṣá. Ẹ̀rín tó wà lójú dọ́lífìn kì í ṣe ẹ̀rín, bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Bó bá ń kú lọ, ẹnu rẹ̀ ò ní yí padà. Àwọn kan sì wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí láti jẹ́ kí ọmọ tó ní àìsàn ọpọlọ bá dọ́lífìn lúwẹ̀ẹ́, pé yóò wò ó sàn. Àwọn onímọ̀ Lori Marino àti Scott Lilienfeld yẹ àwọn ìwádìí tí wọ́n fi ń polówó ìwòsàn yìí wò ní 1998, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2007. Wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú ọmọ lè dùn lọ́jọ́ náà. Ìdùnnú kì í ṣe ìwòsàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ torí rẹ̀.

Ní Onitsha, ohun tó gba ipò àbùùbùtán nínú ọkàn àwọn èèyàn ni máńátì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní ayu. Òun ló ń gbé inú odò yìí gan-an, láti ẹsẹ̀ òkun títí dé Mali, láti Senegal sì dé Àǹgólà. Ó lè gùn ju mítà 3 lọ, kó wọ̀n tó 450 kílò. Koríko etí omi àti ewé tó léfòó ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí ní Senegal ti fi hàn pé ó ń jẹ ẹja àti ìṣáwùrú náà. Òun náà ń mí afẹ́fẹ́, ó ń fọ́mọ lọ́mú, oyún rẹ̀ ń tó ọdún kan, ọmọ kan ló sì ń bí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá àbùùbùtán. Erin àti òfàfà ni ìbátan rẹ̀. Èékánná ṣì wà lórí apá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, eyín tó bá gbó níwájú ń bọ́, òmíràn ń ti ẹ̀yìn sún wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹran ilẹ̀ ti wọ omi nínú ìtàn wa yìí: ìbátan ẹfọ̀n gba òkun, ìbátan erin gba odò.

Ọmú rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ abíyá, bó bá sì yọ orí lálẹ́, kì í pariwo. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn apẹja so ó mọ́ Mami Wata. Àwọn òyìnbó náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: Columbus kọ ní January 1493 pé òun rí obìnrin omi mẹ́ta lẹ́bàá Hispaniola, pé wọn ò tiẹ̀ lẹ́wà tó bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ojú odò Ọya ni Àjàyí Crowther àti John Christopher Taylor gbà dé Onitsha ní 1857 láti dá ìjọ sílẹ̀. Ìjọ náà gbilẹ̀, ìgbàgbọ́ nínú ará inú omi kò sì kúrò. Títí di òní, ẹni tí àlá omi ń yọ lẹ́nu níbẹ̀, wọ́n lè sọ pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún. Àwa náà ń pe tiwa ní ẹlẹ́gbẹ́ tàbí emèrè. Mi ò lè fo èyí: ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní ogbanje ní ilẹ̀ Igbo àti àbíkú lọ́dọ̀ wa, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa wọ́n. Bí ọmọ bá ń kérora egungun, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa ẹyin adìyẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kó ṣáájú ètùtù.

Àṣìmọ̀ kan wà tó so máńátì àti dọ́lífìn pọ̀ nínú ìwé ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1892, Willy Kükenthal, ará Jámánì, kọ̀wé nípa dọ́lífìn tuntun kan láti Kamẹrúùnù, tí Eduard Teusz fi agbárí rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní ewé, koríko àti èso igi àbàtà ni wọ́n bá nínú ikùn rẹ̀, Kükenthal sì kéde pé dọ́lífìn tó ń jẹ koríko ti jáde. Ó dájú báyìí pé ẹja ni dọ́lífìn náà ń jẹ, ó sì jọ pé ikùn máńátì ló ṣèèṣì bá agbárí náà rìn. Orúkọ Teusz kò kúrò lára rẹ̀: Sousa teuszii ni wọ́n ń pè é. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ló ń gbé láyé, kì í jìnnà sí ilẹ̀, àwọn onímọ̀ sì fojú bù ú pé gbogbo wọn kò tó 3,000. Ní Brass, ní ìsàlẹ̀ Niger Delta, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wà ní Nàìjíríà: àwọn apẹja ló gbé òkú rẹ̀ gúnlẹ̀.

Ṣé ọ̀wọ̀ tí èèyàn ní fún ẹ̀dá omi ń dáàbò bò ó? Ó sinmi lórí ohun tí ọ̀wọ̀ náà ní kó ṣe. Ní etíkun Ghana, ọ̀pọ̀ apẹja gbà pé òrìṣà òkun ni àbùùbùtán. Bí òkú rẹ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n ń ta ọtí sílẹ̀, wọ́n sì ń sin ín bí èèyàn pàtàkì. Kò sí ẹni tó máa gbé àdá jáde. Ní tiwa, ní Èkó àti Bayelsa, òkun ti gbé òkú àbùùbùtán wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹran ni àwọn èèyàn sì rí. Ṣùgbọ́n kí a má tíì yin Ghana ju bó ti yẹ lọ: èèwọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ dọ́lífìn. Èyí tí àwọ̀n bá mú, wọ́n ń tà á, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n tún ń fi í ṣe ìjẹ láti mú ẹja ekurá.

Ní Vietnam, àwọn apẹja gúúsù ń pe àbùùbùtán ní Cá Ông, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òkú rẹ̀ á sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí àkọ́bí ọmọ ṣe ń ṣọ̀fọ̀ bàbá. Ní Phan Thiết, tẹ́ńpìlì Vạn Thủy Tú tí wọ́n kọ́ ní 1762 ní egungun kan tó gùn tó mítà 22. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn Imraguen ní Banc d'Arguin, Mauritania. Nígbà kan rí, bí agbo ẹja bá ń kọjá létí omi, wọ́n á fi igi na ojú omi, dọ́lífìn á ti ojú òkun wá, wọ́n á jọ há ẹja mọ́ àárín, oníkálukú á mú tirẹ̀. René-Guy Busnel kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1973. Kò sí ojúbọ nínú èyí. Èrè ló pa wọ́n pọ̀, dọ́lífìn sì wúlò láàyè ju kó kú lọ.

Ti máńátì kò rí bí èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀wọ̀ wà, ẹ̀rù wà, ṣùgbọ́n lápá ibi púpọ̀ lójú odò Ọya, ohun tí àṣà là sílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa pa á: ta ni kó pa á, oògùn wo ni kó lò, kí ni kó ṣe kí ẹ̀mí ẹran náà má bàa dà á láàmú. Ètùtù ni, kì í ṣe èèwọ̀. Mo rò pé ó tó nígbà tí ọ̀kọ̀ ni ohun èlò, tó sì jẹ́ pé ọdẹ díẹ̀ nínú odò gígùn ló mọ iṣẹ́ náà, torí owó ètùtù àti ẹ̀rù òun gan-an ń dín ọwọ́ kù. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù kò mọ ètùtù. Ó wà nínú omi láti ìrọ̀lẹ́ dójúmọ́, máńátì tó bá kó sí i kò sì ní kú torí ọgbẹ́. Kò rí imú gbé sókè ni, ó mu omi kú. Lẹ́yìn náà ni ìdídò Kainji ní 1968, tó dí ọ̀nà fún àwọn tó ń lọ sókè sódò. Sylvia Sikes ti kọ̀wé nípa ewu tó dojú kọ ẹran yìí ní Nàìjíríà nínú ìwé àtìgbàdégbà Oryx ní 1974. Òfin orílẹ̀-èdè wa tó dáàbò bo ẹ̀dá tó ń run jáde ní 1985, máńátì sì wà nínú rẹ̀. Ní 2013, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu, fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè pátápátá.

Àwọn apẹja mọ òfin náà ju bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe rò lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé máńátì ń fa àwọ̀n ya, ó ń jẹ ẹja tó wà nínú rẹ̀, lápá ibi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì sí etí omi, ó ń jẹ ìrẹsì. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Apẹja tó bá tètè dé ìdí àwọ̀n rẹ̀, tó bá a láàyè, ní ọ̀nà kan láti gbà á là: kó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n tó fi owó ara rẹ̀ rà. Mi ò tíì rí ìlú kan lẹ́bàá odò yìí, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti olójúbọ, tí wọ́n ti ń dá owó àwọ̀n yẹn padà fún un.